Gìtá Lẹ́yìn Oníjó

Ọsàn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ ní Seville, ní ilẹ̀ Spéìn. Ó so jìngbìnnì lórí igi lójú pópó, níwájú ilé ìfowópamọ́, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó yà sí i. Èmi ọmọ Ṣakí, tí mo mọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń já máńgòrò olóko kó tó pọ́n, mo ní àwọn èèyàn ìlú yìí ti yó jù. Mo já ọ̀kan, mo bó o, mo gé e jẹ. Ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ọsàn.

Mo ti ṣe olùkọ́ rí. Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí, tó bá sì di ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bàbá mi ló ra gìtá náà fún mi ní Ìbàdàn. Ìyá mi bínú sí i títí, ó ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń gbé igi kọ́rùn. Wọ́n ṣáà fẹ́ mi. Ọkọ mi kú nígbà tí Mofẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ sí i tí mo fi ọmọ náà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo sì kọrí sí òkè òkun. Bí mo ṣe débẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá tíì rìn ín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Àtẹ̀gùn ni mo ń nù níbẹ̀. Ilé gogoro ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà. Ní Ṣakí, tí o bá ń gbálẹ̀ tí èèyàn ń kọjá lọ, dandan ni kó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ìwọ náà ní "Òo, ẹ kú ìrìn." Níbẹ̀, wọ́n á kàn gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á ré omi mi kọjá. Mo kọ́kọ́ ń kí wọn. Àwọn kan á dáhùn, àwọn kan á wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, mo dákẹ́. Kò sí ohun tó tó kí ẹnu èèyàn dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ láti jẹ́ kó mọ̀ pé òun kì í ṣe ará ibẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí mo ń tọ́jú, ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan wà. Obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Carmela ló ni ín. Flamẹ́ńkò ni ijó tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bàtà wọn ní ìṣó nídìí, pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi gìgísẹ̀ lù ú bíi pé ilẹ̀ jẹ̀bi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo rò pé ìjà ló ń bọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ń jó á tẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Àwọn wọ̀nyí nàró, wọ́n gbé àyà síwájú, ojú wọn sì le koko. Lẹ́yìn wọn ni bàbá kan tó ń jẹ́ Anselmo máa ń jókòó sí, tó ń ta gìtá fún wọn. Làkúrègbé ti mú un lọ́wọ́. Tí kíláàsì bá parí, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abíyá bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti nu ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ijó náà tán, mò ń dúró kó gbẹ. Gìtá bàbá náà wà lórí àga. Mo gbé e, mo sì rọra ta ọ̀kan nínú àwọn orin ìjọ wa. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọwọ́ mi ti kan okùn gìtá. Nígbà tí mo gbójú sókè, Anselmo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fò dìde, mo ń bẹ̀bẹ̀.

Ó ní, "Jókòó. Tún un ta."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ mi ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ìlú bá ti ilẹ̀kùn, tí oòrùn bá ń ta bíi ti oṣù Ẹrẹ́nà nílé. Ìlù wọn kì í yí lórí mẹ́rin bíi ti orin ìjọ wa. Orí méjìlá ló ń yí, ibi tó ti ń wúwo kì í sì í ṣe ibi tí etí mi ń retí. Èékánná mi fọ́, àtàǹpàkò mi wú. Mo ń nu àtẹ̀gùn láàárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò fẹ́ ká. Àmọ́ kò le jù mí lọ, nítorí ọwọ́ ni, ọwọ́ sì ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Carmela gbọ́ ohun tí a ń ṣe. Ó pè mí, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Anselmo máa fẹ̀yìn tì nígbà tí a bá gba ìsinmi ooru. Tí o bá lè máa ta gìtá fún kíláàsì mi títí dìgbà yẹn, ipò rẹ̀ di tìẹ, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tó péye. Tí o ò bá lè ṣe é, màá wá ẹlòmíràn."

Mo dúpẹ́. Mo pè é ní Màmá. Ó ní òun ò lọ́kọ, òun ò bímọ, ta ni mò ń pè ní Màmá?

Ohun tí ìwé iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún mi nìyí: Mofẹ́ ni. Mo ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n kí ìjọba ibẹ̀ tó jẹ́ kí n mú ọmọ mi wá, wọ́n fẹ́ rí i pé iṣẹ́ mi tó gbọ́ bùkátà èèyàn méjì. Àtẹ̀gùn nìkan kò tó. Owó tí ǹ bá sì fi wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sílé, mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí òun máa wá. Ọdún ń gorí ọdún. Mofẹ́ tí mo fi sílẹ̀ nígbà tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ti wà ní kíláàsì karùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nínú ilé wọn, wọ́n ní láti gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé. Mo máa ń gbọ́ mímí Ìyá Kọ́lá kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, màá sì máa gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ nísàlẹ̀, àti ewúrẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún un nípa gìtá, ó kígbe. "Gìtá kẹ̀! O fi ilé sílẹ̀, o fi ọ̀nà sílẹ̀, o lọ ta gìtá fún òyìnbó? Ṣé wọn ò ní ẹni tó ń ta gìtá nílùú wọn ni?"

"Wọ́n ní in, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti darúgbó ni."

"Kí Olúwa jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yá. Gba ọmọ rẹ o. Mofẹ́, Mọ́mì Spéìn rèé."

Bí ọmọ mi ṣe ń pè mí nìyẹn, Mọ́mì Spéìn. Ìyá Kọ́lá ni Mọ́mì. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbìyànjú títí kó máa pe òun ní Àǹtí, àmọ́ ọmọdé mọ ẹni tó ń fi aṣọ nu ikun nímú òun.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Báwo ni ilé-ìwé?"

"Dáadáa ni mà."

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Mo ti jẹun mà. Ẹ ṣé mà."

"Ṣé bàtà tí mo fi ránṣẹ́ bá ọ mu?"

Ìyá Kọ́lá ló gba fóònù tó dáhùn pé ó há, pé wọ́n ti fún ọmọ aládùúgbò. Ó ní kí n má bínú, pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ń yára gùn. Mo ní kò burú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń wò lórí pákó Carmela, tí mò ń ro bí ẹsẹ̀ ọmọ tèmi ṣe ti máa gùn tó. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jókòó ta gìtá fún kíláàsì, ojú tì mí. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Iṣẹ́ onígìtá lẹ́yìn oníjó kì í ṣe pé kó ta ohun tó dùn. Oníjó ló ni ọ̀nà. Tó bá fẹ́ yí padà, tàbí tó bá fẹ́ parí, á fi ara pè ọ́: á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà kan, á ṣí apá, ìwọ sì gbọ́dọ̀ ti rí i kó tó ṣe é tán, kí ẹ lè jọ já síbi kan náà. Tí o ò bá rí i, o ti já oníjó jù sílẹ̀ láàárín afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ní ìjọ wa, etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìjọ á kàn gbé orin láìsọ tẹ́lẹ̀, níbi tó bá wu ohùn rẹ̀, èmi á sì wá a kàn láì wojú ẹnikẹ́ni.

Carmela sì rèé, àgbàlagbà, ó dúró níwájú mi, ó kọjú sí mi, kí n lè rí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ranjú mọ́ àgbà? Ìyá mi ì bá ti fi ìka gbá mi lórí. Bó ṣe ń wò mí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ orí kodò, tí mò ń wo okùn gìtá mi. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo kọjá lọ. Ó tún pè mí, mo tún kọjá. Ó dá ijó dúró.

"Wò mí!"

Mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́, ohun tí ara mi sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣe tí àgbà bá bínú ló ṣe: mo dìde, mo sì kúnlẹ̀ gbì lórí pákó, tòun ti gìtá. Hàáà! Wọ́n rò pé mo dákú ni. Ẹnì kan sáré lọ bu omi, ẹnì kan ń fi ìwé fẹ́ mi, àwọn méjì dì mí lápá mú, wọ́n fẹ́ gbé mi dìde. Èmi ń sọ pé mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni. Carmela fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó gbóná. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ sí, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n máa lọ sinmi, kíláàsì sì fi àtẹ́wọ́ jó ijó yòókù láìsí gìtá.

Anselmo bá mi níta, níbi tí mo ti ń gé èékánná mi jẹ.

"Ìka rẹ dáa," ó ní. "Ojú ni o ò ní. Ta ni o máa ń wò nílùú rẹ tí ojú kì í tì ọ́?"

Mo rò ó. Mo dáhùn pé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni. Kò sí ẹni tó ń gbójú kúrò lára rẹ̀. O máa lóṣòó síwájú rẹ̀, o máa na ọwọ́, o ò ní dì í mú, o ò sì ní sá sẹ́yìn jù. Orúnkún rẹ̀ ni o máa wò, torí orúnkún ló ń kọ́kọ́ sọ pé ó fẹ́ ṣubú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn mi yí padà, bàbá náà sì wo ibòmíràn fún mi.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Ohun tí Carmela jẹ́ náà nìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́."

Kò yá bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mo ṣì máa ń sọ orí kodò, Carmela á sì fi ẹsẹ̀ rán mi létí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn. Mo ti jí nídàájí nu àtẹ̀gùn, mo ti gbé omi gorí ilé, ẹ̀yìn ń ro mí, wọ́n tún fẹ́ kí ojú mi máa wò. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi bọ́ sí orúnkún rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún òsì rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, báyìí, mo ti mọ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀, a sì jọ já síbẹ̀ pọ̀, gbàmù. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Carmela kàn ń bá ijó lọ. Nígbà tí mò ń jáde ló ní, "Má pẹ́ dé lọ́la." Kò tíì sọ ọ̀la sí mi rí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn ìlú lọ́jọ́ ìsinmi kan. Igi ólífì kún ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ilẹ̀ gbẹ, ó pọ́n, òkúta yọrí níbí lọ́hùn-ún. Tí èèyàn bá di ojú díẹ̀, á rò pé igi ẹmi tí a fi ń ṣe òrí ni, pé òun wà lójú ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Mo jókòó sábẹ́ ọ̀kan. Mo ń rò ó pé mo ti lè ta gìtá wọn, mo ti mọ èwo nínú ọsàn wọn ni kò ṣeé jẹ, àwọn kan ti ń kí mi lórí àtẹ̀gùn. Bóyá bí ilé ṣe ń di ilé nìyẹn. Àmọ́ àárẹ̀ tó wà lára mi kì í ṣe èyí tí oorun lè mú lọ. Mo ní tí Mofẹ́ bá dé, àárẹ̀ náà á lọ. Ohun tí mo fi ń tan ara mi lọ́jọ́ gbogbo nìyẹn.

Ooru dé. Anselmo fi gìtá rẹ̀ tọrẹ fún mi, ó ní òun ò lè máa wò ó nílé. Carmela fún mi ní ìwé iṣẹ́, ó ní kí n má tún kúnlẹ̀ o, pé eegun òun kò le tó láti máa gbé èèyàn dìde. Mo fi ọwọ́ bo ojú, mo sunkún, ó sì jẹ́ kí n sunkún mi tán.

Mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n gun orí àpáta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí wọn lójú. Mofẹ́ ti ga dé èjìká Ìyá Kọ́lá.

"Mofẹ́, mo ti rí iṣẹ́ náà gbà. O máa wá bá mi. Kó tó di ọdún tó ń bọ̀, o ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Ìyá Kọ́lá ń pariwo, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń fi ẹsẹ̀ jó lórí àpáta. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ìdùnnú rẹ̀ nìkan ni ǹ bá gbọ́. Àmọ́ wọ́n ti kọ́ mi ní wíwo. Èjìká ọmọ náà kọ́kọ́ gbéra sókè, ọwọ́ rẹ̀ wá etí ìró ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dì í mú.

"Ẹ ṣé mà," ó ní. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ṣé Mọ́mì náà ń bọ̀?"

"Rárá. Ìwọ nìkan ni."

"Oo." Ó ní, "Ẹ ṣé mà."

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kó wá, ó máa wá. Ọmọ tí Ìyá Kọ́lá tọ́ kì í bá àgbà jiyàn. Á palẹ̀ ẹrù mọ́, á wọ ọkọ̀ òfúrufú, á máa dá mi lóhùn pẹ̀lú "mà" nínú yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé, títí á fi dàgbà. Èmi ni ìyá rẹ̀, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Mo wo ọwọ́ tó fi di ìró yẹn mú, kò sì tú u sílẹ̀.

Mo ní, "Tàbí kí èmi kọ́kọ́ wá. Kí n wá sí Ṣakí nígbà ọyẹ́, kí a jọ ṣe Kérésì. Tó bá yá, tí ìwọ fúnra rẹ bá ní o fẹ́ wá, kí o wá. Tí o ò bá fẹ́, kò sí ìjà."

Ìyá Kọ́lá dá ijó dúró. Ó wo ọmọ, ó wò mí. Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ìdí ìró nu ojú.

Ojú Mofẹ́ là. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ̀yin? Ẹ máa wá sílé wa?"

"Èmi fúnra mi."

Ó ronú, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ tọ́jú àlejò.

"Níbo lẹ máa sùn mà? Èmi àti Mọ́mì la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Mofẹ́!" Ìyá Kọ́lá gbé ọwọ́ sókè sí i.

Mo ní kó má lù ú, pé ọmọ náà béèrè dáadáa ni. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí pálọ̀.